Iṣu Kì í Wọ Táǹkì: Ọkọ̀ Drọ́ọ̀pù Kan ní Kàbà tí Mo Ti Wọ̀ Lẹ́ẹ̀mẹ́jọ

Aago mẹ́ta ọ̀sán kọjá ìṣẹ́jú mẹ́wàá ni dókítà tó yọ̀ǹda ọkọ mi ní Ìlọrin. Oòrùn ṣì ń ta ṣáṣá, bùbá mi ti lẹ̀ mọ́ mi lẹ́yìn. Mo ní ká máa lọ sílé. Awakọ̀ wa, ọmọkùnrin kan láti Ayétòrò Gbẹ̀dẹ̀, wo aago ọwọ́ rẹ̀, ó wo ojú sánmà, ó ní, "Ìyé, ilẹ̀ ti ṣú." Ìyé ni à ń pe ìyá lọ́dọ̀ wa.

Mo rò pé àwàdà ni. Ó tún un sọ. Ó ní bí a bá gbéra nísinsìnyí, òun mọ ibi tí ilẹ̀ máa ṣú wa sí, ibẹ̀ kì í sì í ṣe Kàbà ìlú wa. Ó ní ká wá ibi sùn, bí ilẹ̀ bá mọ́ a ó máa lọ.

Inú bí mi, kí n má parọ́. Mo ní ṣé èmi ni mo háyà ọkọ̀ àbí ọkọ̀ ló háyà mi. Mo ka ẹgbẹ̀rún mẹ́wàá náírà jáde nínú pọ́ọ̀sì, mo nà án sí i, mo ní, "Gbà, wà wá lọ." Ó fi ọwọ́ méjèèjì dá a padà. "Ẹ má bínú, Ìyé. Ẹ tọ́jú owó yín. Tí mo bá gbà á, mo ti gbà pé màá rin òru nìyẹn."

Ọ̀rọ̀ yẹn ni mo tìtorí ẹ̀ jókòó kọ èyí. Ẹ̀yin ọmọ wa tí ẹ wà l'Ékòó, l'Ábùjá àti lókè òkun, ẹ ò jẹ́ kí n gbádùn: ọkọ̀ wo ni ká fi gbé Màmá lọ síbi àyẹ̀wò, awakọ̀ wo ló ṣeé fọkàn tán, èló ni ká fún un? Láàárín ọdún kan ààbọ̀, ẹ̀ẹ̀mẹjọ ni mo ti wọ ọkọ̀ àwọn tí mo fẹ́ sọ̀rọ̀ wọn yìí. Mi ò ní dárúkọ wọn, wọn ò bẹ̀ mí ní ìpolówó. Ẹ sáà béèrè àwọn onídrọ́ọ̀pù, àwọn tí èèyàn ń dá háyà ọkọ̀ wọn, tí kì í rin òru, wọ́n á fi wọ́n hàn yín.

Ọkọ̀ mẹ́ta ni wọ́n ní, Corolla méjì àti Sienna kan. Ọ̀gá wọn ti wa ọkọ̀ áàpù, èyí tí èèyàn ń fi fóònù pè, l'Ábùjá rí. Nígbà tí ìjọba yọ owó ìrànwọ́ orí epo ní ìparí oṣù karùn-ún ọdún 2023, tí lítà kan tí kò tó igba náírà dédé fò kọjá 500, ó ní ohun tó ń kù sí òun lọ́wọ́ lálẹ́ kò tó láti fi kún táǹkì láàárọ̀ mọ́. Ló bá kó ẹrù rẹ̀ wálé. Áàpù kọ́ ló kó bọ̀, ìṣe áàpù ni. Nọ́ńbà fóònù ni áàpù tiwa níbí. O máa pè wọ́n lọ́jọ́ méjì ṣáájú, wọ́n á sọ iye owó fún ọ, o máa san ìdajì rẹ̀ sí báńkì, wọ́n á wá ní kí o fi orúkọ gbogbo ẹni tó máa wọ ọkọ̀ ránṣẹ́ lórí WhatsApp, pẹ̀lú nọ́ńbà ẹnì kan tí kò ní bá yín rìn.

Ìgbà àkọ́kọ́ tí wọ́n ní kí n fi orúkọ ránṣẹ́, ó dùn mí wọnú eegun. Èmi tí mo kọ́ ọmọ níwèé fún ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n nílùú yìí! Ṣé wọ́n rò pé èmi àti ọkọ mi, ẹni tó jẹ́ pé ọ̀pá ló fi ń rìn, la fẹ́ já ọkọ̀ gbà ni? Ọkọ mi ló rẹ́rìn-ín. Ó ní, "Ìyàwó, nínú ọkọ̀, ta ló kọ ẹ̀yìn sí ta?" Mo ronú sí i títí mo fi dákẹ́. Láti kékeré ni wọ́n ti ń kì wá nílọ̀ nípa awakọ̀. Wọ́n ní ká wo ojú rẹ̀ dáadáa ká tó wọlé. Ṣùgbọ́n awakọ̀ ló kọ ẹ̀yìn sí wa fún wákàtí mẹ́ta, tí a ń wo ọrùn rẹ̀. Kò mọ ohun tó wà nínú báàgì wa. Àwọn awakọ̀ tí a ń gbọ́ pé wọ́n gbé èrò tí a kò rí wọn mọ́, orúkọ èrò yẹn ni ẹnikẹ́ni kò mọ̀.

Ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé bí àárọ̀ ṣe máa ń rí. Wọ́n á ti fi nọ́ńbà ara ọkọ̀ àti fọ́tò awakọ̀ ránṣẹ́ láti alẹ́ àná. Aago márùn-ún ààbọ̀ ìdájí, ọkọ̀ á ti dé. Kì í fọn fèrè, àdúgbò kì í mọ̀ pé ẹnikẹ́ni ń rìnrìn àjò. Á yí ọkọ̀ padà, tí imú rẹ̀ á kọjú sí títì, á wá pè mí lórí fóònù. "Ọ̀kún o, Ìyé. Mo ti dé." Ọ̀kún ni ìkíni wa. Èmi á ní, "Ọ̀kún. Ta lo wá gbé?" Òun á dárúkọ mi. Òun náà á ní kí n dárúkọ òun. A máa ń ṣe é bíi eré, àmọ́ kì í ṣe eré. Tí mo bá bi í pé "Ṣé ìwọ ni Lágbájá?", olè náà lè ní bẹ́ẹ̀ ni. Ọmọ mi obìnrin tó ń lo áàpù l'Ábùjá sọ pé bẹ́ẹ̀ náà ni àwọn ń ṣe é lọ́hùn-ún, wọ́n á wo nọ́ńbà ọkọ̀, wọ́n á jẹ́ kí awakọ̀ fúnra rẹ̀ pe orúkọ ẹni tó wá gbé. Lórí fóònù tiwọn, ibi tí èèyàn máa tẹ̀ wà bí nǹkan bá fẹ́ ṣe é, ó sì lè fi ọ̀nà tó ń rìn han ará ilé rẹ̀. Àwa ò ní ìyẹn. Ohun tí àwa ní, mo ń bọ̀ wá sọ ọ́.

Kí n tó wọlé, ọmọ Gbẹ̀dẹ̀ yẹn á ṣí búùtù. Mi ò ní kó ṣí i o. Á gbé táyà ìpààrọ̀ sókè díẹ̀, á fi àtẹ́lẹwọ́ gbá a lẹ́ẹ̀mejì kí n gbọ́ bó ṣe ń dún, á fi jáàkì hàn mí àti irin onígun mẹ́ta pupa tí wọ́n ń gbé sẹ́yìn ọkọ̀ tó bàjẹ́. Táǹkì ti kún láti alẹ́. Kì í yà ra epo nígbà tí èrò bá wà nínú ọkọ̀. Á ran ọkọ mi lọ́wọ́ láti so bẹ́líìtì, tòun ti tìmùtìmù kékeré kan tó fi ń gbé e kúrò lọ́rùn rẹ̀. Ẹ̀yìn la jókòó sí o, bẹ́líìtì ẹ̀yìn sì ṣiṣẹ́! Ẹ̀yin tí ẹ bá ti wọ ọkọ̀ gáréèjì mọ̀ pé bẹ́líìtì ẹ̀yìn a máa wà lábẹ́ ìjókòó níbi tí eku ń jẹ ẹ́ sí.

A gba Ayétòrò, a gba Mọ̀pà. Nínú ìlú, 50 ni òfin ní kí ọkọ̀ máa sá, 50 náà ló ń sá. Ọkọ mi ní ó ń wakọ̀ bí ẹni tó gbé ẹyin. Ní Mọ̀pà ó fi ìka tẹ fóònù tó so mọ́ iwájú ọkọ̀, ó sọ ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo sínú rẹ̀, "Mọ̀pà." Ìsánlú, ó tún tẹ̀ ẹ́, "Ìsánlú." Ẹ̀gbẹ̀ náà bẹ́ẹ̀. Mo bi í pé ta ló ń bá sọ̀rọ̀. Ó ní ìyàwó ọ̀gá òun. Ìgbà tí mo lọ sanwó tó kù níléeṣẹ́ wọn ni mo rí ìwé tí ìyàwó ọ̀gá náà ń kọ ọ́ sí, ìwé àjákọ lásán tí ọmọ iléèwé ń lò, ó fi rúlà fà á sí ọ̀nà mẹ́rin, ó kọ orúkọ ìlú sí òkè, ó kọ aago sísàlẹ̀. Ọjọ́ wa wà níbẹ̀, Ẹ̀gbẹ̀, 7:48. Ó ní bí ogún ìṣẹ́jú bá kọjá lórí àsìkò tó yẹ kí awakọ̀ sọ̀rọ̀, òun á pè é. Bí kò bá gbé e, òun á pe ẹni tí èrò fi nọ́ńbà rẹ̀ sílẹ̀, òun á sì pe àwọn fijilanté ìlú tó kù níwájú. Mo wo ìwé yẹn bí mo ṣe máa ń wo ìwé ọmọ tó bá ṣe dáadáa. Díẹ̀ ló kù kí n fi báírò pupa máàkì í.

Bí a bá ti fi Ẹ̀gbẹ̀ sílẹ̀, á pa rédíò. Kò sẹ́ni tó ń sọ fún èrò ìdí rẹ̀, èrò náà kì í béèrè. Erúku ló kàn, lẹ́yìn ìyẹn Ọ̀mù-Àrán. Ní oṣù kọkànlá ọdún 2025, àwọn agbébọn ya wọ ṣọ́ọ̀ṣì kan ní Erúku, wọ́n pa èèyàn, wọ́n kó àwọn olùjọsìn wọgbó kí wọ́n tó padà rí ìtúsílẹ̀. Láti ìgbà yẹn, orin ìyìn tí mo máa ń kọ nínú ọkọ̀, Ọ̀mù-Àrán ni mo ń bẹ̀rẹ̀ ẹ̀.

Ẹ jẹ́ ká padà sí Ìlọrin àti alẹ́ ọjọ́ tí mo bínú yẹn. Ó wà nínú àdéhùn wọn pé bí ilẹ̀ bá ṣú sí ọ̀nà jíjìn, èrò á san ẹgbẹ̀rún mẹ́ẹ̀ẹ́dógún fún ibùsùn àti oúnjẹ awakọ̀. Mo ní láéláé. Ilé àbúrò ọkọ mi wà ní Tánkẹ̀, àga wà ní pálọ̀, kí ló fẹ́ fi òtẹ́ẹ̀lì ṣe? Ọmọ náà ò jiyàn. Ó sùn sórí àga. Iná ò sí, ẹ̀fọn sì pọ̀ ju èèyàn lọ. Àwa wà nínú néètì. Nígbà tí mo jáde láàárọ̀, mo bá a tó jókòó sórí àtẹ̀gùn, ojú rẹ̀ pọ́n bí ata. Mo ní ó yá. Ó ní, "Ìyé, ẹ fún mi ní wákàtí kan nínú ọkọ̀." Ó sì sùn, ó na ìjókòó iwájú sẹ́yìn, ó fi fìlà bo ojú. Èmi dúró níta, mo ń wò ó láti ojú fèrèsé. Owó mẹ́ẹ̀ẹ́dógún ni mo rò pé mo fi pamọ́. Ọkọ mi ni mo fẹ́ gbé sẹ́yìn ẹni tí kò fojú ba oorun, lórí ọ̀nà tí tírélà ń gbà. Láti ọjọ́ yẹn ni mo ti ń san owó oorun. Mo tilẹ̀ máa ń béèrè lọ́wọ́ rẹ̀ láàárọ̀ pé ṣé ó sùn, kì í ṣe pé ṣé ó jí ire nìkan.

Ó wá ku ọ̀rọ̀ owó ọpẹ́, èyí tí àwọn ọmọ ń pè ní típù.

Lọ́dọ̀ wa, ẹni tó bá ṣe ọ́ lóore, iṣu lo máa gbé fún un. Ìrìn àjò àkọ́kọ́, mo di iṣu mẹ́ta sí búùtù ọmọ Gbẹ̀dẹ̀. Ó dọ̀bálẹ̀ gbalaja. Ìkejì, iṣu mẹ́rin àti gálọ́ọ̀nù epo pupa. Ó tún dọ̀bálẹ̀. Ẹ̀ẹ̀kẹta, iṣu. Lọ́jọ́ kejì ni ọ̀gá wọn fi ohùn ránṣẹ́ sí mi, ẹ̀rín wà lẹ́nu ẹ̀. "Ìyé mi, ẹ kú oore o. A dúpẹ́. Àmọ́ ṣá, iṣu kì í wọ táǹkì."

Kò dùn mọ́ mi. Ọjọ́ méjì gbáko ni mi ò fi dá a lóhùn. Ṣé kí wọ́n máa fojú tẹ́ńbẹ́lú iṣu Kàbà náà nìyí? Ọjọ́ kẹta ni mo rántí ibi tí ọmọ náà ti wá. Bàbá rẹ̀ ń dáko ní Gbẹ̀dẹ̀! Mo ń gbé iṣu fún ọmọ olóko iṣu. Ọmọ tó ń san owó ilé ní Kàbà, tí ìyàwó rẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ bímọ, ló ń gbé iṣu mi lọ sílé lọ tò ó ti èyí tí bàbá rẹ̀ fi ránṣẹ́.

Ọmọkùnrin mi tó wà ní Houston gbọ́, ó rẹ́rìn-ín títí ikọ́ fi gbé e. Ó ní lọ́dọ̀ àwọn, bí wọ́n bá wọ takisí, ìdá mẹ́ẹ̀ẹ́dógún sí ogún nínú ọgọ́rùn-ún ni wọ́n máa ń fi lé e. Ó ní Uber pàápàá kò fi ibi tí wọ́n ti ń fún awakọ̀ ní owó ọpẹ́ sínú áàpù rẹ̀ ní Amẹ́ríkà títí di ọdún 2017, nígbà tí Lyft tó ń bá a díje ti ń ṣe é tipẹ́; àwọn awakọ̀ ló pariwo títí. Mo ṣírò ìdá mẹ́ẹ̀ẹ́dógún náà lórí 95,000 tí mo ń san lọ sí Ìlọrin àti àbọ̀. Ẹgbẹ̀rún mẹ́rìnlá àti igba lé àádọ́ta! Mo ní kí ó máa bá àṣà yẹn lọ ní Houston.

Èyí tí èmi ń ṣe rèé. Ẹgbẹ̀rún mẹ́ta bí a bá lọ tí a bọ̀ lọ́jọ́ kan náà. Bí ilé ìwòsàn bá dá wa dúró, tí ọmọ ènìyàn jókòó sínú oòrùn láti aago mẹ́wàá títí di ọ̀sán, ẹgbẹ̀rún márùn-ún. Bí ó bá gbé ọkọ mi gun àtẹ̀gùn, ìyẹn ò ní iye. Mo máa ń wo ohun tó wà lọ́wọ́ mi. Àwọn ọ̀dọ́ á ní ó kéré, àwọn ẹgbẹ́ mi ní Kàbà á ní mo ń ba àwọn ọmọ jẹ́. Ẹ jẹ́ kí wọ́n máa bára wọn jà.

Iye owó náà kọ́ ló tilẹ̀ le. Ìgbà tí èèyàn ń fún un ló le. Mi ò ní fún un lójú ọ̀nà. Níbi tí sójà tàbí ọlọ́pàá dá wa dúró sí, pọ́ọ̀sì mi kì í jáde. Mi ò ní fún un ní gáréèjì níbi tí àwọn agbèrò ń wo ọwọ́. Owó ọwọ́ pàápàá kò wù wọ́n tó bí mo ṣe rò: awakọ̀ tí gbogbo èèyàn mọ̀ pé owó wà lápò ẹ̀ ni wọ́n máa ń dúró dè. Báńkì ni wọ́n fẹ́ kí n fi sí, sí àkáǹtì awakọ̀ fúnra rẹ̀, kì í ṣe ti ọ̀gá. Mo ṣe àṣìṣe kan níbẹ̀. Mo fi owó ránṣẹ́ sí i bí ó ṣe ń fi ẹnu ọ̀nà wa sílẹ̀, fóònù dún, ó wo ìsàlẹ̀ kó lè rí àlátì, iwájú ọkọ̀ sì fẹ́rẹ̀ẹ́ lọ bá àgò ìyá aládùúgbò wa tó ń sin adìyẹ. Báyìí, mo máa ń dúró kó délé, kó fi "mo ti dé" ránṣẹ́, kí n tó tẹ̀ ẹ́.

Kò sì ní gbà á lẹ́ẹ̀kan náà, ẹ má jẹ́ kí ìyẹn tàn yín. "Rárá, Ìyé, ẹ ti ṣe é, àdúrà yín tó." Ọmọ tó ní ẹ̀kọ́ ilé ni. Tí ẹ bá ní "ó dáa" tí ẹ da owó padà sápò, ẹ ti fìyà jẹ ẹ́. Èmi máa ń ní, "Gba tọwọ́ ìyá ẹ." Ọ̀rọ̀ tán.

Ẹgbẹ̀rún mẹ́wàá tí mo nà sí i ní Ìlọrin ńkọ́? Rìbá ni. Ó ti pẹ́ kí n tó lè pè é lórúkọ rẹ̀. Mo fẹ́ fi owó ra ẹ̀mí rẹ̀ kí n lè sùn lórí bẹ́ẹ̀dì mi. Awakọ̀ tí ebi ń pa ni irú owó yẹn máa ń rí mú. Ìyẹn ni mo fi ń fún èyí tí kì í rin òru ní tirẹ̀ tayọ̀tayọ̀ ní ojúmọmọ.

Ẹ̀bi wọn náà wà. Ẹ́ísì Sienna yẹn iwájú nìkan ló ń fẹ́. Ẹni tó bá jókòó sẹ́yìn á yan bí àgbàdo. Ọ̀kan nínú àwọn awakọ̀ wọn, bàbá kan tó ti fẹ̀yìn tì, ń sọ̀rọ̀ òṣèlú láti Kàbà títí dé Ọ̀mù-Àrán, kì í sì í tilẹ̀ gbọ́ tẹnu ẹlòmíràn. Bí o bá yẹ ìrìn àjò nígbà tí ó ku ọjọ́ kan, ìdajì owó tí o san ti lọ nìyẹn. Ó ti ṣẹlẹ̀ sí mi, nígbà tí ẹ̀jẹ̀ ọkọ mi ru lóru tí a ò lè lọ mọ́. Mo bẹ̀ wọ́n, wọ́n dá ẹgbẹ̀rún mẹ́wàá padà, wọ́n mú ìyókù. Owó Ìlọrin ti fò láti 80,000 sí 95,000, ìwé ìkìlọ̀ kan ṣoṣo ni wọ́n fi ránṣẹ́, láàárọ̀ Ọjọ́ Ajé. Wọn kì í fún èèyàn ní rìsíìtì àyàfi tó bá béèrè lẹ́ẹ̀mejì.

Ọ̀nà Lọ́kọ́jà ò fi bẹ́ẹ̀ ní wàhálà. Ẹ̀ẹ̀mejì péré ni mo ti bá wọn lọ. Láti Kàbà dé Ọbajánà, kìlómítà 43, kọnkéré tí Dangote ṣe ni, ọkọ̀ kì í fo. Dídán rẹ̀ náà ni ìṣòro rẹ̀, torí ó ń dán awakọ̀ wò láti sáré, àwọn tírélà sìmẹ́ǹtì sì ń wọlé ń jáde ní Ọbajánà. Awakọ̀ wa ò gba tírélà kankan kọjá lórí kọ́nà. Ọkọ mi tún rojọ́ ẹyin.

Bí mo bá ní kí n máàkì wọn bí mo ṣe máa ń máàkì, 8 nínú 10. Ọ̀kan lọ fún ẹ́ísì Sienna, ìkejì lọ fún owó mi tí wọn ò dá padà.

Ọjọ́bọ̀ tó ń bọ̀ la tún ń lọ sí Ìlọrin. Ọmọ Gbẹ̀dẹ̀ ló máa wà wá, wọ́n ti fi nọ́ńbà ọkọ̀ ránṣẹ́. Mo ti pe ilé ìwòsàn pé ká wà lára àwọn tí wọ́n máa kọ́kọ́ rí, mo sì ti sọ fún ará Tánkẹ̀ pé ó ṣeé ṣe ká sùn. Ọkọ mi ti gbé iṣu méjì sí ẹnu ọ̀nà láti àná. Mo ní kí ló wà fún? Ó ní fún ọmọ náà ni. Mo ní, ọmọ olóko? Ó ní òun mọ̀, ṣùgbọ́n òun ò lè jẹ́ kó lọ lọ́wọ́ òfo. Mo fi wọ́n sílẹ̀ níbẹ̀.